Ìwé ewì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dá a. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ ewì sínú ìwé kan tí mò ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Wọ́n ti lé ní ogójì. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀kankan rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wá ké ewì níbi ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo há a sórí dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí èrò, gbogbo rẹ̀ pòórá lórí mi. Mo dúró bí igi. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi ní kí n máa bọ̀ wá jókòó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní kí n fi ewì han ẹnikẹ́ni, àyà mi á já. Ṣé ó burú kí n máa kọ ọ́ fún ara mi nìkan? Àti pé, ewì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ṣé ewì náà ni?”

Ó fi ìlà mẹ́ta kún un látinú ọ̀kan nínú àwọn ewì náà. N ó padà sórí wọn kí n tó gbé kálámù sílẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ Ajílété, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Kò burú. Ewì tí o kọ tí o fi pamọ́, tìrẹ ni, kò sí òfin tó ní dandan ni kí o gbé e síta. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni ń sunkún nínú yàrá ni wọ́n ń kọ̀wé, ẹkún náà sì ti tó wọn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé o wà lára wọn. Ẹni tó ń kọ fún ara rẹ̀ nìkan kì í fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí àjèjì ní Ọ̀yọ́.

Ìbéèrè kejì ló gba àlàyé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ewì kíké àti eré ìtàgé nílùú yìí, ohun kan náà ni mo sì ń rí lára àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Wọ́n á sọ àwọn tó jókòó di adájọ́, wọ́n á sọ ara wọn di ẹni tí wọ́n mú wá sílé ẹjọ́, wọ́n á wá máa retí ìdájọ́ kí wọ́n tó lanu. Bẹ́ẹ̀, níbi tí ewì wa ti ṣẹ̀ wá, alájọṣe ni òǹwòran. Òun ló ń bá ọ parí iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ìlù lè gbẹ́ igi dùndún kó gún, kó dán, ṣùgbọ́n títí tí yóò fi fi awọ bò ó, igi ló ṣì ń jẹ́. Ewì rẹ tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ewì ni, kò tíì lóhùn ni.

Jẹ́ kí n mú ọ lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé kí ìlú náà tó tú. Ní 1826, arìnrìn-àjò kan láti Scotland, Hugh Clapperton, dé ọ̀dọ̀ Aláàfin pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander. Aláàfin ní kí àwọn eléégún apidán wá ṣeré fún àwọn àlejò, Clapperton sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1829. Àwọn kan kọ́kọ́ jáde nínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni òjòlá ńlá kan jáde. Èyí tó kẹ́yìn ni òyìnbó: ẹni tó rí tín-ín-rín, tó funfun báláú, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, tó ń fín aáṣáà, tó sì ń gbẹ́sẹ̀ gìrìgìrì bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí láyé rẹ̀. Wọ́n ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí ni ohun tí èrò ń ṣe. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn obìnrin ààfin ń kọrin, gbogbo èrò sì ń bá wọn gbè é. Nígbà tí òyìnbó inú eré dé, àwọn ènìyàn ń yíjú sí òyìnbó gidi, wọ́n ń ké sí i pé kó wò ó dáadáa, wọ́n ń bi í bóyá kò dára. Bí ẹni pé àwọn gan-an ló wà nínú ẹ̀kú! Ọba wà níjòkòó, àwọn àlejò tí wọ́n ń sín jẹ wà níjòkòó, bí ẹ̀rù yóò bá ba apidán, ọjọ́ náà ni kó bà á. Ṣùgbọ́n èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbè é ni wọ́n ń gbé e.

Má rò pé mò ń sọ pé èrò ayé àtijọ́ kì í dáni lẹ́bi o. Wọ́n ń ṣe é, gbangba gbàǹgbà sì ni. Ìlú rẹ ni ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu, gbajúmọ̀ onìjálá, nítorí náà o kò ní ṣàìmọ agbo ìjálá. Bí ọdẹ kan bá ń sun ìjálá tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ọdẹ mìíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á ní irọ́ lo pa, á sì sọ bó ṣe jẹ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n sọ pé Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n já ní koro náà kì í sá kúrò lágbo. Bí kò bá gbà, ó ní èsì tirẹ̀: kí ẹtà máa gba ọ̀nà ẹtà, kí ọ̀yà máa gba ọ̀nà ọ̀yà. Ìjálá á tún máa lọ. Wò ó, ẹni tó ń bá ọ jiyàn lórí ìlà kan ti gbọ́ ìlà náà. Ìyẹn nìkan ti tó ọlá.

Èmi náà ti dúró bí igi rí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Wọ́n pè mí síbi ìnáwó òkú àgbà kan nínú agbo-ilé tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ará Ìkòyí ni bàbá tó kú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi há oríkì wọn sórí. Mo gba máìkì, mo bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọfà. Orí àwọn ọmọ olóòkú wú. Ẹnì kan jó wá, ó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Owó yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Ojú mi lọ sára owó, ahọ́n mi yọ̀ kúrò lórí ọfà bọ́ sí Ọ̀fà, mo bá ń sọ fún ará Ìkòyí pé ìjàkadì lorò wọn. Ìyá arúgbó kan tó jókòó ti ògiri ké tòò: “Ti Ọ̀fà nìyẹn! Ará Ìkòyí ni bàbá wa o!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé máìkì sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, n kò tilẹ̀ dúró mú bàtà mi.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá náà kí n lọ tọrọ àforíjì. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Jókòó, sọ ọ́ kí n gbọ́.” Mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ èyí tó tọ́, ìyá á máa bó ẹ̀gúsí wọn lọ, èèpo á máa bọ́ sínú àwo. Bí mo bá ṣì í, ọwọ́ wọn á dúró. Wọn kò ní sọ nǹkan kan, ọwọ́ á kàn dúró, hóró ẹ̀gúsí kan á wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, títí n ó fi wá ọ̀nà padà. Ó tó ìgbà mẹ́rin tí ọwọ́ yẹn dúró. Mo wá dé ìlà kan tí èmi fúnra mi dá sí i, tí kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́ mi. Ọwọ́ tún dúró. Mo ní ó parí. Wọ́n gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Tún un sọ.” Mo tún un sọ. Wọ́n ju hóró ẹ̀gúsí náà sẹ́nu, wọ́n ní, “Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ìyá yẹn ti re ibi àgbà ń rè. Títí di òní, bí mo bá ń kọ ewì, ọwọ́ wọn ni mo ṣì ń wò. N kò rántí ojú ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìnáwó.

Ìyẹn mú mi padà sí ìkórè yín. O gbà pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣì ń rántí. Ní ọdún 2000, Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lè tini lójú fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní kó wọlé tọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bi í pé àwọn mélòó ló rò pé ó rí ohun tó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn tó wọ ọ́ rò pé á tó nǹkan bí ìdajì. Àwọn tó rí i ní tòótọ́ kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Ojú tí a rò pé ó ń wò wá pọ̀ ju ojú tó ń wò wá lọ. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹlòmíràn ń ro iye tí òun fẹ́ dá, ẹlòmíràn ń bá ọmọ jà.

Kì í sì í ṣe ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti pòórá lórí rẹ̀. Barbra Streisand, olórin Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, gbàgbé ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní Central Park ní New York ní 1967. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nítorí ọjọ́ yẹn, ó tó ọdún 27 kí òun tó tún gbà láti máa kọrin gbowó níwájú èrò. Ó ń ṣe àwo, ó ń ṣe fíìmù, ṣùgbọ́n èrò ni kò fẹ́ rí. Ọdún 27! Mo sọ èyí fún ọ nítorí pé ọdún méjì rẹ ṣì kéré, o lè dá a dúró síbẹ̀.

Ohun kan tí àwọn àgbà wa mọ̀ nípa ìbẹ̀rù yìí ni pé wọn kì í díbọ́n pé kò sí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí apohùn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Á júbà àgbà, á júbà ọmọdé, á júbà ẹni tó mọ̀ ju òun lọ, á ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé àsìkò ń lọ, ẹ jẹ́ ká fo ìbà. N kì í gbà. Ọ̀wọ̀ ni ìbà, ó sì tún jẹ́ iṣẹ́ fún ara. Ìgbà tí àyà ń lù jù, tí ẹnu ń gbẹ, ni kété kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbà tó ti mọ́ ọ lára ni yóò gbé ẹnu rẹ kọjá ìṣẹ́jú yẹn. Bí àwọn tó jókòó bá sì ti dá ọ lóhùn pé “ìbà á ṣẹ”, wọ́n ti wọ inú ewì rẹ láìmọ̀, kò sí adájọ́ mọ́ láàárín wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹkún ìyàwó tí wọ́n ń sun nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọbìnrin tó ń relé ọkọ á dúró níwájú òbí, ẹbí àti ará àdúgbò, á máa sun ún, omi á máa dà lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ là á lẹ́nu. Ó ti ń fi í dánra wò lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ tipẹ́, àwọn tó máa gbè é fún un lọ́jọ́ náà sì ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìwọ gba ìwé lábẹ́ ìrọ̀rí, ó di iwájú gbogbo ìjọ. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín. Èmi kò rí ẹ̀bi rẹ níbẹ̀. Àwọn tó pè ọ́ ló yẹ kó bi ọ́ pé ta lo ti kà á fún.

Nípa ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, àti ohun tó yẹ kí o bi í, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ìlú Yorùbá, ó ń fi ère han àwọn ènìyàn, ó ń bi wọ́n pé èwo ló dára jù, kí sì nìdí. Àwọn agbẹ́gilére dáhùn, àgbẹ̀ àti àwọn ìjòyè náà dáhùn. Nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 1973, o máa rí i pé àwọn ènìyàn wa kì í sọ pé “ó dára” kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n ń wo jíjọra, pé kó jọ ènìyàn ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù. Wọ́n ń wo ìfarahàn, pé kí ojú, ẹnu, ìlà ojú hàn ketekete. Wọ́n ń wo gígún, wọ́n ń wo dídán, wọ́n ń wò ó bóyá ère náà ní ìtànṣán ọ̀dọ́. Ẹni tó bá sọ fún agbẹ́gilére pé etí òsì kò hàn tó, iṣẹ́ ló fún un ṣe. Ẹni tó bá sọ pé “kò dáa”, ìbànújẹ́ lásán ló fún un.

Nítorí náà, má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé “ṣé ó dáa?” Ìbéèrè yẹn ló ń sọ òǹgbọ́ di adájọ́. Bi í pé: níbo ni ọkàn rẹ ti kúrò lọ́dọ̀ mi? Kí lo rí nígbà tí mo sọ báyìí? Ìlà wo lo lè sọ padà fún mi báyìí láìwo ìwé? Bí ó bá lè sọ ìlà kan padà, o ti rí ọ̀kan tó dúró.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára òǹwòran mọ pẹ̀lú, nítorí mo ti rí àwọn akéwì tí òǹwòran bà jẹ́. Níbi ìnáwó, ẹni tó ń lẹ owó mọ́ni níwájú náà ń dájọ́, ìdájọ́ tó dùn sì ni, ìyẹn ló fi léwu. Akéwì á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìlà tó ń mú owó jáde, á máa tún un sọ láti ilé kan dé òmíràn, lọ́dún mẹ́wàá kò ní ewì mọ́, orúkọ olówó ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ohùn dídára tó ti bọ́ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Òǹwòran kan sì tún wà tí kì í ṣe tìrẹ. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀, olórin àti òṣèré orí ìtàgé, fi ìlù ìbílẹ̀ sínú orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Ó lè gbà pé òun kò mọ orin kọ. Kò gbà bẹ́ẹ̀, ó gbé orin rẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1962, wọ́n ṣí Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré, ní Òṣogbo. Ní 1963, eré rẹ̀ lórí Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, èyí tó pè ní Ọba Kò So, jáde. Ní 1964, ó wà ní Berlin ní Jámánì pẹ̀lú eré náà. Àwọn tó yarí sí i kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìlù kan náà ni wọ́n gbọ́, àyè rẹ̀ ni kò sí lọ́dọ̀ wọn. O ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ní kí o tún un ṣe àti ẹni tó ní kí o má ṣe é mọ́.

O béèrè ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà bóyá kí o kọ́kọ́ gbé e sórí Facebook, níbi tí o kò ti ní í rí ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá, kò tíì yá. Onídùndún ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó, bí ẹsẹ̀ bá rẹ̀ ẹ́, ó ń yí ìlù padà. Lórí fóònù, o kò rí ẹsẹ̀. Bí ènìyàn méjì péré bá tẹ àmì pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, o kò ní í mọ̀ bóyá àwọn tó kù kórìíra rẹ̀, tàbí dátà wọn ló tán, tàbí wọ́n kà á tí omi bọ́ lójú wọn tí wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìwọ lo máa fi ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù dí i. Lo ojú gidi fún ìgbà díẹ̀ ná.

Ó wá ku ìlà mẹ́ta rẹ. Èyí ni o kọ:

Èéfín ló kọ́kọ́ ń kí ìyá mi láàárọ̀,
Ó mọ orúkọ rẹ̀ ju àwa ọmọ tó bí lọ.
Ìyá mi dára, ìyá mi ṣọ̀wọ́n, ìyá mi ni ìṣúra.

Ìlà àkọ́kọ́, mo rí èéfín náà. O sọ fún mi nínú lẹ́tà pé gààrí ni ìyá rẹ ń yan, ṣùgbọ́n o kò sọ ọ́ nínú ewì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èéfín ti sọ ọ́. Ìlà kejì dá mi dúró. Mo fi ìwé sílẹ̀, mo jáde síta, mo ń ro ó: àwọn ọmọ ń pè é ní Màámi, èéfín nìkan ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ń jẹ́ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá ohun tí o ní lọ́kàn nìyẹn. Ohun tí èmi bá níbẹ̀ nìyẹn, o sì rí i pé èmi náà ti bá ọ kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlà kẹta kì í ṣe tìrẹ. Gbogbo káàdì ọjọ́ àwọn ìyá ló ní ìlà yẹn. Mo mọ ohun tó fà á. O ti sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, ẹ̀rù bà ọ́, o sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bá ọ wí. Ìbẹ̀rù kì í dúró de orí ìtàgé, ó ti ń bá ọ mú kálámù láti inú yàrá.

Pa ìlà kẹta yẹn rẹ́. Má fi òmíràn dí i kíákíá. Há ìlà méjì àkọ́kọ́ sórí títí o fi lè sọ ọ́ nígbà tí o bá ń pọnmi. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ bá ń yan gààrí, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, má sọ pé ewì ni, má béèrè nǹkan kan, sọ ìlà méjèèjì kí wọ́n gbọ́. Má wo ojú wọn. Igbá tí wọ́n fi ń ro gààrí nínú agbada ni kí o máa wò. Kí o kọ̀wé sí mi, kí o sọ bóyá ó dúró.